Ìkòkò Akàn Tó Dá Wà

"Joshua, ta ní ń de òkú lọ́wọ́?"

Kọ́pùrù Joshua gbójú sókè. Ó ti fi fìlà iṣẹ́ rẹ̀ bo imú. Ẹ̀yìnkùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbà ni wọ́n wà, oòrùn aago mọ́kànlá ọjọ́ Ajé sì ń yan àpò ìdọ̀tí tí Sájẹ́ǹtì Àdìjá tú síta bí ẹni ń yan ẹja.

"Ẹ ní kí ni, Sájẹ́ǹtì?"

"Mo ní ta ní ń de òkú lọ́wọ́? Wo èyí." Àdìjá na okùn imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Kókó tí wọ́n ta sí i ṣì le koko. "Mẹ́rìnlélógún ni mo kà. Karawun akàn tó wà nínú àpò yìí náà, mẹ́rìnlélógún. Gbogbo akàn tó wọ ilé yìí pátá ni wọ́n dè lọ́wọ́. Àwọn kan sì ń sọ fún wa pé òkú akàn ni obìnrin yẹn tà."

"Bóyá wọ́n ti kú kó tó dè wọ́n."

"Kí ló máa wá de òkú fún? Kó má bàa gbá a létí ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ já bọ́ lẹ́nu Joshua, àmọ́ ó rántí pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín níbí á fa òórùn àpò náà sínú. Ó pa ẹnu dé.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn débẹ̀ kò gùn. Lọ́jọ́ Àìkú, Akínṣọlá, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà, tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ní Ọjà Àlàbá, pe ẹbí àtọ̀rẹ́ wá jẹ sífúùdù bọ́ìlì nílé rẹ̀. Inú fóònù ni Bámikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kọ́ oúnjẹ náà. Wọ́n á se akàn, edé ńláńlá, àgbàdo tútù, ọ̀dùnkún òyìnbó àti ẹyin pọ̀. Wọ́n á yọ́ bọ́tà mọ́ áyù àti ata gbígbẹ, wọ́n á dà á lé e lórí. Wọ́n á tẹ́ ọ̀rá sórí tábìlì, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ yàà, oníkálukú á káwọ́ aṣọ sókè, á máa fọwọ́ fà á ya. Oúnjẹ ẹlẹ́rìn-ín ni. Àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èèyàn mẹ́rin ti ń bì, wọ́n ń sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ti Bàbá Àlàní, àbúrò bàbá Alága, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ló le jù. Ọsibítù ló sùn, wọ́n ń fa omi sí i lára.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wákàtí tí àwọn ọkọ̀ apẹja ń gúnlẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pàá já sí etí omi ní Ọ̀jọ́. Wọ́n gbé Sẹ̀kínát, ìyá alákàn, níṣojú gbogbo ayé. Wọ́n ní ó ta akàn onímájèlé.

Ta ló fẹjọ́ sùn? Alága. Ta ni ẹlẹ́rìí? Alága. Ta ló wádìí ọ̀rọ̀ náà wò? Kò sí. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti kọ ìwé ẹ̀sùn kí tíì àárọ̀ rẹ̀ tó tutù. Ọ̀la, aago mẹ́sàn-án, kóòtù. Wọ́n kàn ní kí Àdìjá lọ mú karawun kan tàbí méjì wá, kí fáìlì lè kún.

Inú ti ń bí Àdìjá láti àárọ̀. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún méjìdínlógún, ó sì ti ṣàkíyèsí pé bí olówó bá wọ àgọ́, àga ni wọ́n ń nù fún un. Bí tálákà bá wọlé, bàtà ni wọ́n ń ní kó bọ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Alága fúnra rẹ̀ ló yọjú, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, ojú rẹ̀ jìn sínú.

"Sájẹ́ǹtì, kí lẹ ṣì ń wá nínú ìdọ̀tí onídọ̀tí? Ọ̀gá yín ní karawun méjì péré lẹ fẹ́." Ó nawọ́ sí géètì. Pílásítà wà ní àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀. "Ẹ mú un, kẹ́ ẹ máa lọ. Obìnrin yẹn fẹ́ run ìran mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Alága. Ara ńkọ́?"

"Ara wo? Inú mi ṣì ń lọ̀ bí ọlọ."

"Ẹ̀yin lẹ lọ ra akàn náà fúnra yín?"

"Èmi ni. Àárọ̀ Sátidé. Àṣé òkú ló dì fún mi. Èmi ọmọ Òkèhò, kí ni mo mọ̀ nípa akàn? Ẹran ìgbẹ́ là ń jẹ lọ́dọ̀ tiwa."

"Ẹ sì mọ̀ pé òkú ni wọ́n?"

Alága di ilẹ̀kùn mú. "Lẹ́yìn tí inú ti run wá la tó mọ̀," ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àdìjá kó okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún sínú ọ̀rá.

*

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́."

Sẹ̀kínát jókòó sí igun àtìmọ́lé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Obìnrin tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni. Kò sunkún. Ẹni tí inú ń bí tó bẹ́ẹ̀ kì í ráyè sunkún.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Ọ̀jọ́ ni mí, mà. Àdìjá lorúkọ mi."

"Ọmọ Ọ̀jọ́! O sì wà nílé yìí, tí wọ́n fi jù mí síbí bí ìdì igi?"

Àdìjá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu irin. "Kí lẹ sọ nígbà tí wọ́n bi yín léèrè?"

"Ta ló bi mí? Wọ́n ní n tẹ̀ka. Mo ní kí ni mò ń tẹ̀ka sí? Wọ́n ní tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, màá mọ̀."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Mo ká ọwọ́ mi mọ́ abẹ́ ìro. Kí wọ́n wá gé e."

Àdìjá fọwọ́ di irin náà mú. "Ẹ sọ ti Sátidé fún mi."

"Ó wá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ó ra akàn mẹ́rìnlélógún, ó tún ra edé. Ààyè ni gbogbo wọn, wọ́n ń tutọ́ fùkẹ̀fùkẹ̀. Mo dè wọ́n lọ́wọ́, mo tò wọ́n sínú agbọ̀n, mo fi àpò tí mo rẹ sómi bò wọ́n. Ó kó wọn sẹ́yìn mọ́tò, ó lọ. Ọdún mẹ́ta ló ti ń rajà lọ́wọ́ mi. Ṣé ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fẹ́ pa á?"

"Edé yẹn náà, ọ̀dọ̀ yín ni?"

"Ọkọ̀ kan náà ló kó wọn wá. Omi kan náà ni wọ́n ti jáde."

Àdìjá dìde. "Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mi ò ní jẹ oúnjẹ ilé yìí. Wọ́n á tún ní èmi ni mo fi májèlé sí i."

*

Ọ̀gá ọlọ́pàá ń mu omi tútù lábẹ́ fáànù. Jẹnẹrétọ̀ tó ń yí fáànù náà, Alága ló fi ta àgọ́ lọ́rẹ lọ́dún tó kọjá. Gbogbo èèyàn ló mọ̀, ẹnì kan kì í sọ ọ́.

"Ọ̀rọ̀ náà ò le, Àdìjá. Àwọn apẹja wọ̀nyí máa ń da oògùn kòkòrò sómi. Ẹran omi á kú léfòó, wọ́n á ṣà á, wọ́n á tà á. Òun náà nìyẹn."

"Bí oògùn bá wà nínú omi, Ọ̀gá, edé ni yóò kọ́kọ́ kú. Edé ò lágbára akàn. Omi kan náà ni wọ́n ti kó àwọn méjèèjì."

"Ta ló sọ fún ọ pé edé náà kọ́ ló ṣe wọ́n?"

"Ẹnì kankan ò tíì sọ fún mi, sà. Mo fẹ́ lọ bèèrè ni."

"Dọjọ́ wo?"

"Dìrọ̀lẹ́ òní."

Ọ̀gá mi orí bí ẹni tí eṣinṣin ń dà láàmú. "Aago mẹ́fà. Má sì lọ dójú tì mí níwájú Alága."

*

Dámilárá, àbúrò Bámikẹ́ tó wà níbi àsè náà, ń di irun fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okokomaiko. Ara rẹ̀ le kokooko. Wọ́n bèèrè ohun tó jẹ lọ́jọ́ Àìkú.

"Edé, àgbàdo, ẹyin méjì. Mo jẹ edé débi tí ojú fi ń tì mí."

"Akàn ńkọ́?"

Ó na èékánná rẹ̀ síwájú. Wọ́n gùn, wọ́n pupa, òkúta wẹ́wẹ́ ń kọ mànà lórí wọn. "Àǹtí, ṣé èyí lẹ fẹ́ kí n fi fọ́ akàn?"

Oníbàárà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Joshua náà rẹ́rìn-ín. Àdìjá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló jẹ akàn?"

"Bàbá Àlàní, Bọ̀dá Alága, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì láti Àlàbá. Àwọn ọmọ náà fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Ó ní karawun á há wọn lọ́fun. Mo ní ṣé ti Kérésì kò há wọn ni? Ó wò mí bákan."

Àwọn tó jẹ akàn, mẹ́rin. Àwọn tí inú run, mẹ́rin. Àwọn mẹ́rin náà ni. Àdìjá fà sún mọ́ ọn.

"Ìkòkò kan náà ni wọ́n fi se gbogbo rẹ̀, àbí?"

"Ìkòkò kan ló yẹ kó jẹ́. Bó ṣe rí ní Kérésì nìyẹn: ọ̀dùnkún á kọ́kọ́ wọlé, àgbàdo á tẹ̀ lé e, akàn, edé ló máa ń kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé akàn síta sórí gáàsì kékeré, ó dá a sè lọ́tọ̀. Mo ní Àǹtí, kí ló dé? Ó ní ìkòkò ò gbà á. Irọ́ ni, ìkòkò ńlá yẹn lè gba ewúrẹ́."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó lórí iná?"

"Ó lé ní wákàtí kan. Mo ní akàn yìí máa di rọ́bà."

Bí wọ́n ṣe jáde, Joshua gbá ọwọ́ mọ́ra. "Sájẹ́ǹtì! Ìyàwó ló ṣe é! Ó sè é lọ́tọ̀ kó lè ráyè fi májèlé sí i. Kò jẹ ẹ́, kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́. Ọkọ ló fẹ́ pa!"

"Rọra." Àdìjá dúró lábẹ́ ìbòòji kíósì kan. "Ìṣẹ́jú mélòó ni akàn máa ń lò lórí iná?"

"Mi ò mọ̀."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó pọ̀ jù, ogún. Bí o bá fẹ́ fi májèlé sóbẹ̀, wàá dà á sí i, wàá ro ó, ó parí. Wàá tún jókòó tì í fún wákàtí kan nínú oòrùn, kí gbogbo ilé máa bi ọ́ pé kí ló dé? Ẹni tó ń se nǹkan láṣejù kò fi nǹkan kún un, Joshua. Nǹkan kan ló ń fẹ́ kí iná pa kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba obìnrin yẹn. Ó mọ̀ pé akàn náà ti bàjẹ́ kó tó gbé e kaná."

"Nígbà náà, òkú ni ìyá yẹn tà lóòótọ́."

"Okùn mẹ́rìnlélógún ní irọ́ ni. Ààyè ni wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, òkú ni wọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n sùn láàárín ọjọ́ méjèèjì."

*

Bámikẹ́ ń fọ ilé ìdáná nígbà tí wọ́n padà dé Ìbà. Alága ti lọ sí ọsibítù lọ wo Bàbá Àlàní. Obìnrin náà kí wọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tún ń fọ ibi tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àdìjá kò bi í ní ìbéèrè kan. Ó ń wo yàrá náà. Agbọ̀n Sẹ̀kínát wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àpò tí wọ́n fi bò ó ká sínú rẹ̀ dáadáa, ó gbẹ fúrúfúrú. Kúlà aláwọ̀ búlúù ńlá kan dojú dé lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí ó ń dán. Ó yí kúlà náà padà, ó wo kọ̀rọ̀ ibi tí ìdérí ti so mọ́ ọn. Nǹkan funfun kan wà níbẹ̀ tí kàǹrìnkàn kò kàn. Ó fi èékánná họ ọ́, ó tọ́ ọ wò.

Iyọ̀ ni.

Nígbà náà ló yé e. Ó yé e débi tó fi jókòó sórí àpótí ìdáná.

"Ìyàwó, ta ló da iyọ̀ sómi akàn?"

Àwo tó wà lọ́wọ́ Bámikẹ́ bọ́ sínú bẹ́síìnì.

"Akàn tí wọ́n gbé wá nínú àpò tútù, ta ló kó o jáde kúrò nínú agbọ̀n, tó kó o sínú omi, tó da iyọ̀ sí i, tó sì dé e pa?"

"Mi ò sí nílé," Bámikẹ́ ní, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Mo lọ sí ìpàdé ìjọ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo dé, ọkọ mi ní àwọn ti tọ́jú akàn. Wọ́n ní ẹran omi ni, báwo ni wọ́n á ṣe máa wà lórí ilẹ̀? Wọ́n ní àwọn tiẹ̀ fi iyọ̀ sí i, kó lè ṣe wọ́n bíi pé òkun ni wọ́n wà. Inú wọn dùn, mà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Ìgbà wo lẹ ṣí i?"

"Lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, lọ́jọ́ Àìkú. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi. Kò sí èyí tó mira. Mo pè wọ́n, mo ní Dádì, ẹ jẹ́ ká dà á nù, edé ti tó. Wọ́n ní ojú á ti àwọn. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún gbogbo Àlàbá pé akàn ni wọ́n ń bọ̀ wá jẹ, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ti wà lẹ́nu géètì. Wọ́n ní kí n sè é pẹ́, kí n fọ́n ata àti áyù sí i, pé iná ń wẹ gbogbo nǹkan mọ́."

"Iná kì í wẹ ohun tó ti rà."

"Mo mọ̀, mà." Ó ń sunkún báyìí. "Mo kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀."

"Ẹ kó ọmọ yín kúrò." Àdìjá kò pariwo, ṣùgbọ́n Joshua tó mọ̀ ọ́n dáadáa sún sẹ́yìn. "Bàbá Àlàní ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan ni? Ìyá tó wà nínú àtìmọ́lé láti àárọ̀, tó fi àpò tútù bo ọjà rẹ̀ kó má bàa kú, ọmọ ta ni tiẹ̀?"

Bámikẹ́ yọ ọwọ́ kúrò nínú bẹ́síìnì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó nu ún títí.

"Ọkọ mi á lé mi jáde," ó ní níkẹyìn.

"Bóyá. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́sàn-án ọ̀la, wọ́n á gbé obìnrin tí kò ṣẹ̀ lọ sí kóòtù, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè sọ òtítọ́ yìí. Mi ò lè bá yín sọ ọ́."

Bámikẹ́ nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú èèpìrọ́ọ̀nù tó so mọ́dìí, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́ n gbé gèlè mi," ó ní.

*

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀gá ọlọ́pàá wo Alága tó jókòó síwájú rẹ̀, ó wo Àdìjá.

"Mo ní kó o mú karawun wá, o ránṣẹ́ pe Alága."

"Karawun náà wà níbẹ̀, sà." Ó yíjú sí Alága. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Ìbéèrè díẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ gba akàn lọ́wọ́ ìyá náà, ṣé ààyè ni wọ́n?"

"Òkú ni. Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?"

"Gbogbo wọn?"

"Ọ̀kan ò mira."

"Àtàǹpàkò yín ńkọ́? Kí ló ṣe é?"

"Ṣíkúrúdíráfà ló gún mi ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́jọ́ Sátidé. Èwo nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i."

Alága wo Ọ̀gá. Ọ̀gá wo òrùlé. Nígbà tí kò sí ẹni tó gbà á sílẹ̀, ó ṣí i.

Ojú ọgbẹ́ méjì ni. Ọ̀kan wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Ìkejì wà nísàlẹ̀, nínú ẹran ìka, wọ́n dojú kọra bí eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀.

"Ṣíkúrúdíráfà wo ló ń gún ni lókè, tó tún ń gún ni nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?" Àdìjá bèèrè. "Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Akàn ti bá ọba gé tiyín. Òkú akàn kì í sì gé èèyàn jẹ, Alága. Ọwọ́ ọ̀kan yọ kúrò nínú okùn nígbà tí ẹ ń kó wọn sínú kúlà, ó sì fi hàn yín pé òun ṣì wà láyé."

Alága fi pílásítà náà bo ọgbẹ́ padà. "Ó dáa. Ààyè ni wọ́n. Wọ́n kú. Ṣé èmi ni mo pa wọ́n?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ pọn omi bọhóòlù kún kúlà, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ dé e pa títí di ọjọ́ kejì. Akàn máa ń mí, sà. Inú odò, omi ń ṣàn, ó ń gbé afẹ́fẹ́ wá fún un. Lórí ilẹ̀, àpò tútù ti tó o. Ṣùgbọ́n nínú omi tó dúró sójú kan tí ìdérí tún bò, á lo ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, á sì kú síbẹ̀ bí èmi àti ẹ̀yin ṣe máa kú."

"Mo ṣe é kí ara lè tù wọ́n ni," Alága sọ, ìyẹn nìkan sì ni òtítọ́ tó ti sọ láti àárọ̀.

"Mo mọ̀. Ẹni tó bá dàgbà jìnnà sí odò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ẹ̀rín là bá rín. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín pè yín lọ́jọ́ Àìkú, ó ní ẹ jẹ́ ká dà á nù. Ẹ ní kó sè é. Ẹ gbé e fún bàbá arúgbó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dípò kẹ́ ẹ sọ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, orúkọ obìnrin kan lẹ wá fi sílẹ̀ níbí."

"Bámikẹ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Àdìjá gbé ìwé kan síwájú Ọ̀gá. Ọwọ́ Bámikẹ́ ló kọ ọ́, ojú ewé méjì gbáko, ó sì fọwọ́ sí i.

Fáànù ń yí. Ọ̀gá ka ìwé náà tán, ó tún un kà. "Ó dáa," ó ní, "ó jọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ tú ìyá náà sílẹ̀, kó máa lọ sílé. Alága, ẹ náà ẹ máa lọ sinmi."

"Ọ̀gá." Àdìjá fọwọ́ lé ìwé náà. "Bó bá jẹ́ pé ìyá alákàn ló parọ́ mọ́ Alága, tí wọ́n fi ti Alága mọ́lé láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ ẹbí lẹ máa pè é?"

Ọ̀gá wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó rí i pé nọ́ńbà fáìlì ti wà lórí rẹ̀, pé ẹ̀dà rẹ̀ kan sì ti wà lápò Sájẹ́ǹtì. Ó mí kanlẹ̀. "Kọ ti Alága sílẹ̀," ó ní. "Ìròyìn èké fún ọlọ́pàá. Kọ gbogbo rẹ̀."

Wọ́n mú Sẹ̀kínát wọlé. Kí ó tó jókòó, Alága ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì.

"Ẹ dákun, Ìyá. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde síta. Ẹ dárí jì mí níbí."

Sẹ̀kínát wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. "Ibí kọ́ lo ti bà mí jẹ́."

"Mà?"

"Etí omi ni wọ́n ti gbé mi. Oníbàárà mi wà níbẹ̀, àna mi wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé apààyàn ni mí. O fẹ́ bẹ̀ mí nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì? Wá síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ ọ̀la. Fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó o ṣe fún wọn. Ẹjọ́ tìjọba, ìyẹn ò kàn mí, ìwọ àtàwọn ni."

"Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, Ìyá! Alága ni mí!"

"Kí wọ́n rín ọ. Ẹ̀rín kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn."

*

Atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ méje ti gúnlẹ̀. Joshua dúró ti mọ́tò ọlọ́pàá tí yóò gbé Alága lọ sí kóòtù bó bá ti ṣe tán. Àwọn obìnrin ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n tò yíká, Sẹ̀kínát sì wà láàárín wọn, ó fi aṣọ tuntun wérí.

Alága la ẹnu, ó pa á dé, ó tún un là. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń wo ilẹ̀, bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí tí kò mọ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó yí ẹsẹ̀ padà sí mọ́tò.

Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn pátápátá gbé ọwọ́ sẹ́tí.

"Ohùn yín ò dé ọ̀dọ̀ wa níbí, Alága. Atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ẹ tún un sọ."